Eré Mọ́tò Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà: Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Àwa Tá A Wà Lájò

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, iyàn jíjà ló bí i. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a parí ìpàdé oṣooṣù wa, àwọn ọ̀dọ́ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ariwo wọn sì gba gbogbo àdúgbò. A rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, torí a mọ̀ pé Arsenal àti Chelsea kì í jẹ́ kí wọ́n simi. Ìgbà tí a súnmọ́ wọn ni a gbọ́ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Àwọn kan ní eré mọ́tò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí wọ́n pè ní Top Gear, kò ní ẹgbẹ́ láyé. Àwọn kejì, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, ní irọ́ ni, pé ẹ̀dà rẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, tí òun náà ń jẹ́ Top Gear, ló ní awakọ̀ gidi nínú. Wọ́n ní kí àwa àgbà wá bá wọn dá a.

Àgbà tí kò wo eré kò lè dá ẹjọ́ eré. A ní kí wọ́n kó àwo rẹ̀ wá. A wo ti Gẹ̀ẹ́sì, a wo ti Amẹ́ríkà. Ó gbà wá ní òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná náà ń ṣe tirẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ ju mọ́tò lọ. Ó kan àwa tí a kúrò nílé bàbá wa tí a wá ń gbé lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a bá yín sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ọdún 1977 ni iléeṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ Top Gear ní Birmingham. Nígbà náà, ètò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Wọn a mú ọkọ̀ tuntun kan, wọn a wà á yípo, wọn a sọ iye tí wọ́n ń tà á, bí ó ṣe ń mu epo sí àti bóyá bùútù rẹ̀ gba ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò ló ń wò ó. Ìgbà tó yá, wọ́n dá a dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni wọ́n tún un gbé dìde, wọ́n sì gbé e lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ń pè ní Dunsfold, ní Surrey. Jeremy Clarkson ni olórí wọn, Richard Hammond wà pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2003, James May dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn mẹ́ta yìí ló sọ ètò náà di ohun tí gbogbo ayé ń wò.

Kò sí ẹyọ awakọ̀ ìdíje kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akọ̀ròyìn ni Clarkson. May náà fi ìwé ìròyìn mọ́tò jẹun. Hammond wá láti ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ta ọjà wọn. May kì í sáré, wọ́n sọ ọ́ ní Captain Slow, ìyẹn ọ̀gágun àwọn arìnjẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Hammond kúrú, wọ́n sọ ọ́ ní Hamster, tí í ṣe eku kékeré kan tí àwọn òyìnbó ń sìn nínú ilé. Clarkson ga, ẹnu rẹ̀ sì tún ga jù ú lọ. Bí ọkọ̀ ẹnì kan nínú wọn bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn méjì yòókù á fi rẹ́rìn-ín, wọn á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa kò fẹ́ràn ìyẹn rárá.

Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà láàárín wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní The Stig. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, ó dé akoto bojú, kì í sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò ṣàlàyé ìyẹn fún: egúngún ni. Ẹ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Àṣé òótọ́ sì ni, torí ní ọdún 2010, nígbà tí ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ náà, Ben Collins, fẹ́ kọ ìwé láti sọ pé òun ni, BBC gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé kò gbọdọ̀ já aṣọ lójú eégún. Ilé ẹjọ́ kò dá wọn láre. Ìwé jáde, eégún sì jáde.

Apá tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn jù ni ti Hilux, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003. Wọ́n mú Hilux àlòkù kan tí ó jẹ́ ti ọdún 1988, tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Wọ́n so ó mọ́ etí òkun títí omi fi bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n fi irin ńlá tí wọ́n fi ń wó ilé gbá a. Wọ́n dáná sun ún. Níkẹyìn, wọ́n gbé e sí orí ilé alájà gíga kan, wọ́n sì wó ilé náà lulẹ̀ pẹ̀lú ohun abúgbàù. Mẹkáníìkì wọn kò ra pátì tuntun kankan, irinṣẹ́ ọwọ́ lásán ló fi tún un ṣe, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tún dún. Nígbà tí ó dún, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ni kò mọ Hilux nílùú yìí?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Botswana, ní ọdún 2007. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra ọkọ̀ àgbà olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n fi la orílẹ̀-èdè náà kọjá, nínú yanrìn àti lórí ilẹ̀ iyọ̀. Hammond ra Opel Kadett ti ọdún 1963, ó fún un ní orúkọ, Oliver, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tí wọ́n parí, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Àwa tí a ti ń ra ọkọ̀ wọn láti ọjọ́ pípẹ́, a rí ọkọ̀ Áfíríkà kan tó lọ di tọ̀kúnbọ̀ lọ́dọ̀ wọn!

Ohun tó bá dùn, aládùúgbò á fẹ́ tọ́ ọ wò. Iléeṣẹ́ NBC ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008. Wọ́n ya apá kan ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n jù ú sílẹ̀ kó tó dé ojú àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ History gbà á, ó sì jáde ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 2010. Atọ́kùn mẹ́ta ni àwọn náà ní. Adam Ferrara jẹ́ apanilẹ́rìn-ín láti New York. Tanner Foust jẹ́ awakọ̀ ìdíje tó ti gba àmì ẹ̀yẹ púpọ̀. Rutledge Wood, ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa eré ìje NASCAR lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀dà gidi ni wọ́n ṣe. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ilé ọkọ̀ òfurufú, àwọn náà lọ wá ilé ọkọ̀ òfurufú. Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ènìyàn dúró yí atọ́kùn ká, àwọn náà ní kí wọ́n dúró. Gẹ̀ẹ́sì ní eégún funfun, wọ́n wá eégún funfun. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi gbajúmọ̀ ènìyàn sínú ọkọ̀ kékeré kan kí ó sáré yí pápá ká, ọkọ̀ Suzuki ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Amẹ́ríkà tó ní Ford, tó ní Chevrolet, lọ wá Suzuki! Buzz Aldrin, tó fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní ọdún 1969, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi sínú Suzuki náà.

Ní ọdún 2004, Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọkọ̀ Lotus kékeré kan kí ó máa sá fún hẹlikópítà ogun Apache. Ní apá àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà, àwọn náà mú ọkọ̀ Dodge Viper kí ó máa sá fún hẹlikópítà ogun Cobra. Viper ni paramọ́lẹ̀, Cobra ni sèbé, ejò ń lé ejò. Ẹ̀fẹ̀ ti ara wọn nìyẹn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń dá a.

Àwọn tó ti wo ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwa náà wò ó, a rí ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn dà bí ẹ̀rín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé níbi ìsìn ìgbéyàwó. Clarkson, Hammond àti May ti bá ara wọn ṣe ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹnì kejì lẹ́sẹ̀. Ohun kejì ni àkókò. Owó tí àwọn ará Ìlú Ọba ń san lórí tẹlifíṣọ̀n ni BBC fi ń ṣe ètò rẹ̀, kì í ti ìpolówó ọjà bọ̀ ọ́ láàárín. Wákàtí kan wọn, wákàtí kan ni. Ti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá yọ ìpolówó kúrò, bí ogójì ìṣẹ́jú àti díẹ̀ ló kù. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe fẹ́ dùn ni wọ́n á gé e. Lójú tiwa, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta mọ́tò kò sì lè bú mọ́tò bí ẹni tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n dín ti sítúdíò kù, wọ́n sì bọ́ sójú ọ̀nà. Wọ́n ń ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ń wà á gba orí òkè, inú aṣálẹ̀ àti abúlé ilẹ̀ wọn. Nínú sáà àkọ́kọ́ pàápàá, wọ́n ti tọ́ ọ̀nà náà wò nígbà tí wọ́n ṣe bí àwọn tó ń fi mọ́tò kó ògógóró sá fún ọlọ́pàá láyé ijọ́un. Ìtàn ilẹ̀ wọn gan-an nìyẹn, torí nínú àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ọtí sá lóru ni ọ̀pọ̀ àwọn awakọ̀ ìje àkọ́kọ́ ti jáde, kí wọ́n tó dá NASCAR sílẹ̀ ní ọdún 1948. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó lè sọ ìtàn yẹn bí Rutledge Wood ṣe lè sọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ojú kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wo ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, ni eré wọn ti ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Sáà mẹ́fà ni wọ́n ṣe, títí di ọdún 2016. Ẹ wò ó dáadáa: wọn kò yí orúkọ padà, wọn kò sì lé eégún funfun lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ni wọ́n yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa ní Emene. Àwa la ní ANAMMCO, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú àjọṣe ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ Daimler-Benz ti Jámánì. Agbára iléeṣẹ́ náà kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ará Emene. Ẹ rántí ọkọ̀ 911. Jámánì ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà tiwa ló ń kan pákó sí i lẹ́yìn, oníkùn tiwa ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ẹrù iṣu àti ìrẹsì tiwa ló sì ń gbé. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà ní Jámánì, kò lè ṣiṣẹ́ tí ó ṣe níbí. Volkswagen náà mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Brasilia láti Brazil, nígbà tí ó dé ilé iṣẹ́ wọn ní Èkó, ó di Igala. Ohun tó bá ti òkèèrè dé gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀nà ibi tó dé sí.

Èyí ló mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé kan àwa àlejò. Ní oṣù kejì ọdún 2007, kí Amẹ́ríkà tó ṣe ẹ̀dà tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì fi apá kan hàn nínú èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí oníkálukú ra ọkọ̀ tí kò tó 1,000 dọ́là, kí wọ́n wà á láti Miami dé New Orleans. Nígbà tí wọ́n dé Alabama, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ tí yóò bí àwọn ará ibẹ̀ nínú. Wọ́n bú NASCAR, wọ́n bú orin tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn, wọ́n polongo ìbò fún Hillary níbi tí wọn kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yà ra epo, obìnrin tó wà nílé epo náà bínú, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọkùnrin àdúgbò. Ni òkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí sá àsálà, wọ́n ń nu ọ̀dà kúrò lára mọ́tò lójú ọ̀nà.

A kò ní purọ́, a rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu àwa àgbà, torí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa wà tó ń kun mọ́tò, tó sì tún mọ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀. Ọmọ onílẹ̀ kan gbé bọ́ọ̀sì akérò rẹ̀ wá fún un. Ọkùnrin náà na owó iṣẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kí ó di ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bá òun kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sí i lẹ́yìn, kí àwọn èrò Yorùbá lè máa wọ ọkọ̀ òun. Ọmọ wa mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: AHUN DÉ. Ọkùnrin náà béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ wa ní, “Ìbùkún dé ni.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin yìí fi gbé e kiri, láti Emene dé ọjà Ogbete, láti Ogbete padà sí Emene. Bí ó bá ti ń kọjá, àwọn Yorùbá á máa dọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ibi tó dùn wá jù nìyí, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́: àwa aṣáájú náà rí i, a sì dákẹ́. Títí di ọjọ́ tí ìyá kan, ọmọ Ìgbò tó ti tajà ní Mushin fún ọ̀pọ̀ ọdún, fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì náà. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá bi ọkùnrin náà pé ta ló bú u báyìí.

Ọjọ́ méjì ni ọkàn wa kò fi balẹ̀. Onílé tó fún ọmọ wa ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ń sọ pé Yorùbá ń fi ọ̀dà bú àwọn lórí ilẹ̀ àwọn. A bi ọmọ náà léèrè ibi tí ó ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀, ó ní inú àwo àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí Amẹ́ríkà ni òun ti rí i, pé eré ni òun fi ṣe. A kó ara wa jọ, a lọ bẹ ọkùnrin náà níwájú àwọn àgbà rẹ̀. Wọ́n gbé obì kalẹ̀, wọ́n sì fi Ìgbò súre sí i, torí lọ́dọ̀ wọn obì kì í gbọ́ èdè mìíràn. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí wa di òní. Ó ní, “Bí ó bá pè mí ní ahun lójú mi, màá rẹ́rìn-ín, màá sì fi kún owó rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn mi, ní èdè tí n kò gbọ́, ó sì ní kí n máa gbé e kiri. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ń kà á, ẹ ń wò mí.”

A kò rí èsì fọ̀. A dọ̀bálẹ̀. Ọmọ wa tún bọ́ọ̀sì náà kùn láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ tí yóò kọ sí i, ọkùnrin náà ní Ìgbò ni kó kọ, lójú òun, kí òun lè máa ka ohun tí òun ń gbé kiri.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Alabama kọ́ nìyí mọ́? Bí Rutledge Wood bá fi ìwà àwọn ará Gúúsù ṣe ẹ̀fẹ̀, ọmọ ilé ni, ó mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ yóò dé tí yóò di èébú, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì mọ̀ pé tiwọn ni. Àlejò tó bá ṣe é lẹ́yìn wọn, òkò ló ń wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí dé New Orleans nínú ìrìn àjò náà, tí wọ́n rí bí ìjì Katrina ti ọdún 2005 ṣe ba ìlú jẹ́, ojú wọn walẹ̀. Dípò kí wọ́n ta ọkọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi tọrẹ fún àwọn tí àjálù bá. Nígbà tí wọ́n wo ojú onílé ni wọ́n tó di ènìyàn padà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ lọ́kàn wọn. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé ọkọ̀ kan lọ sí Argentina tí nọ́ńbà rẹ̀ rán àwọn ará ibẹ̀ létí ogun Falklands ti ọdún 1982. BBC ní kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n òkò tún fò, wọ́n tún sá, wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ìparí ti Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, BBC kọ̀ láti tún bá Clarkson ṣe àdéhùn, nítorí pé ó lu ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn ṣe ètò náà lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́. Hammond àti May bá a lọ, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Amazon, wọ́n pè é ní The Grand Tour, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2024. BBC ló ní orúkọ, ó ní pápá, ó ní eégún funfun. Wọ́n gbé Chris Evans sí ipò olórí ní ọdún 2016, wọ́n fi Matt LeBlanc tì í, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà. Evans kò lò ju sáà kan lọ. Ẹni tó ni eré gan-an kò lè ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀! Wọ́n tún pààrọ̀ atọ́kùn, ètò náà sì tún ń gbérí, kí jàǹbá tó dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú Andrew Flintoff ní Dunsfold, ó fara pa púpọ̀, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2023, BBC kéde pé ètò náà kò ní padà wá ní àkókò tó wà níwájú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sáré lórí títì Enugu sí Abakaliki, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2006, Hammond wà nínú ọkọ̀ kan tó ń fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì sáré, táyà iwájú kan bẹ́ nígbà tí ó wà lórí eré máìlì 288 ní wákàtí kan. Pápá gbalasa ló wà, dókítà wà nítòsí, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù. Lórí títì tiwa, pẹ̀lú táyà àlòkù, kò sí dókítà tó ń dúró.

Wàyí o, ìdájọ́ tí wọ́n ní kí a dá. Nínú ẹ̀fẹ̀ àti ìbáṣepọ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ló borí, kò sí iyàn níbẹ̀. Nínú mímọ ọkọ̀ wà, àwọn mẹkáníìkì wa gba ẹjọ́, Tanner Foust nìkan tó mẹ́ta wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wá pé èwo nínú méjèèjì ló jọ wá, ti Amẹ́ríkà ni. Àlejò ni eré náà ní ilẹ̀ tó dé. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa rìn bí bàbá rẹ̀ ṣe ń rìn nílé, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ́ ọ̀nà ibi tó wà, ó di ènìyàn, kò sì jọ̀wọ́ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ohun tí a fi ń bá ara wa jà nínú ẹgbẹ́ wa nìyí. Àwọn àgbà kan ń bínú pé àwọn ọmọ wa tí a bí sí Emene kò rí bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọmọ Ìbàdàn, pé Ìgbò dùn lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa ṣe gbogbo nǹkan bí àwa ṣe ń ṣe é nígbà tí a kúrò nílé. Ẹ̀yin ará, ilé náà gan-an kò rí bí a ti fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà ohun tí kò sí mọ́ ni a ń ní kí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ gbọ́: ẹ̀dà Amẹ́ríkà kò sọ orúkọ nù. Èdè yín ni orúkọ yín. Ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, a ti fẹnu kò ní ìpàdé pé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni ètò òpin ọdún wa yóò wà lọ́dún yìí. Yorùbá ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, Ìgbò ni wọn yóò fi kí àwọn onílé tí a bá pè, eré tí ó bá sì wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe. Òfin kan ṣoṣo ni a fi lélẹ̀: ẹ̀fẹ̀ tí ẹ kò lè túmọ̀ lójú ẹni tí ẹ fi ń ṣe é, ẹ má ṣe é. Ẹni tó kọ AHUN DÉ ni yóò kun pátákó tí a óò gbé síwájú gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tó ni bọ́ọ̀sì náà wà lára àwọn tí a fi ìwé pè, ó sì ti ní òun ń bọ̀, àmọ́ òun yóò kọ́kọ́ ka pátákó náà kí òun tó wọlé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ wa já sí kòtò. Ilẹ̀ tí a wà yóò gbà wá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.